Ikọ́ Bàbá Nínú Pẹ́dàlì Gìtá

Káyọ̀dé, má wulẹ̀ po tíì fún mi. Àlá tí mo lá lóru àná ló gbé mi wá sílé yín láàárọ̀ yìí.

O mọ ampilifáyà Ìlú Ọba tí bàbá mi fi ń ta gìtá, èyí tí gílóòbù inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyin iná, tí olè gbé lẹ́yìn ìsìnkú wọn. Lójú àlá, mo fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì, àpótí kékeré tó ń yí ohùn gìtá padà, tí o fún mi pé kí n fi tu ara mi nínú, torí ó ń sín ohùn ampilifáyà náà jẹ. Ohùn náà jáde lóòótọ́, ló bá wúkọ́. Ikọ́ bàbá mi gan-an! Mo tún un tẹ̀, ó tún wúkọ́. Mo tú ìdí rẹ̀ wò, mo bá yàrá kan níbẹ̀, mo sì wọlé láìbẹ̀rẹ̀. Bàbá jókòó sórí ampilifáyà wọn, wọ́n fọwọ́ bo imú, wọ́n ní: "Òórùn ẹja gbígbẹ yìí fẹ́ pa mí."

Ni mo bá jí. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, mi ò sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n yàrá tí màmá yín máa ń kó ẹja gbígbẹ sí, kí ló dé tí o fi sáré tì í nígbà tí o rí mi lẹ́nu ọ̀nà?