Bí Ó Bá Yí Padà Ńkọ́?

"Kò ní rí bẹ́ẹ̀, lórúkọ Jésù!"

Bàbá Kọ́láwọlé ju ọwọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo tí wọ́n sá. Mofẹ́olúwa ká ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì. Láti àárọ̀ ló ti ń bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè, láti àárọ̀ náà ni bàbá sì ti ń fi àdúrà dá a lóhùn.

"Dádì, mi ò ní kí òjò má rọ̀. Mo ní, bí òjò bá pẹ́ ńkọ́?"

"Kò ní pẹ́."

"Bí èso bá ń dúdú lórí igi ńkọ́?"

"Èso tiwa ò ní dúdú. Àbí Adó ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kó o máa fi ẹnu ara rẹ pe ibi wá sí ulé?"

"Kọ̀ǹpútà ò mọ àdúrà, Dádì."

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n?"

Bàbá dìde, ó ní òun ń lọ pọ́n àdá òun lẹ́yìnkùlé. Inú bí Mofẹ́olúwa débi pé ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á. Ṣebí ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá yìí! Ṣebí òun ló kọ́ ìdajì Òkè-Ìmẹ̀sí ní ìṣirò! Bí màlúù mẹ́ta bá kú nínú mẹ́wàá, mélòó ló kù? Kò sí ọmọ kankan tó jẹ́ dìde ní kíláàsì rẹ̀ kó ní màlúù ò ní kú lórúkọ Jésù. Bí a tilẹ̀ ń sunkún, à máa ń ríran. Kí ló wá dé tí bàbá ò lè máa gbàdúrà kó sì máa ríran?

Igi kòkó wọn ti darúgbó. Ẹgbẹ́ àwọn oníkòkó fẹ́ pín ọmọ igi tuntun, ṣùgbọ́n oko tó bá lè mú ogún àpò wá lọ́dún nìkan ni wọ́n máa fún. Wọ́n ní kí oníkálukú to gbogbo ohun tó ń gbé oko rẹ̀ ró sínú ṣíìtì orí kọ̀ǹpútà: òjò, oògùn, alágbàṣe, ọjọ́ iṣẹ́. Kó wá máa yí wọn sí burúkú lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wo iye àpò tó máa kù. Fẹ́mi, akọ̀wé ẹgbẹ́, ń bọ̀ wá gbà á nírọ̀lẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá pé, ó di ọdún mìíràn, oko wọn ò sì lè dúró de ọdún mìíràn. Ìdí nìyẹn tí Mofẹ́olúwa fi tọrọ àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́la ló máa padà sí Adó.

Ó dá òjò dúró. Iye àpò wálẹ̀ díẹ̀. Ó dín oògùn kù, ó tún wálẹ̀, àfi ìgbà tó rí i pé òun ò tíì dá òjò padà sí àyè rẹ̀, tí ìyà méjì fi ń jẹ oko kan ṣoṣo. Ó pòṣé. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yí òjò, ó yí oògùn, ó yí alágbàṣe. Kò sí èyí tó mú iye àpò já sábẹ́ ogún. Bó bá já sábẹ́ ogún, iye náà á di pupa, bó ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn.

Fóònù rẹ̀ dún.

"Àǹtí Mofẹ́, mo ti kúrò n'Íjerò o," ni Fẹ́mi wí. "Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò ní kí oko yín má lábùkù. Èwo nínú ohun wọ̀nyẹn ló lè dá oko yín wó? Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ mọ̀, àti ohun tẹ́ ẹ máa fi dí i kó lè pé ogún."

Ìlà kan ṣoṣo ló kù. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ láìronú: *Dádì, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.* Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fo ìlà náà. Ó gbé ìka sórí òdo.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Ẹnu ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, òun nìkan nínú pálọ̀. Ojú tì í. Ó rọra tẹ mẹ́rin dípò márùn-ún, iye àpò sì di pupa. Nítorí ọjọ́ kan péré! Ó rántí bí bàbá ṣe ń di igi mú lánàá bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti oko orí òkè, tó ní orúnkún lásán ni.

Bàbá wọlé tòun tàdá. "Kí ló pupa níbẹ̀ yẹn?"

"Òjò ni, Dádì."

Bàbá fi àdá ti ògiri, ó wá ìgò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ti mọ ọmọ tó ń purọ́ fún ọ̀gá ilé-ìwé, kò wulẹ̀ bá a jà. Ó na ìka kan, ó pa mẹ́rin rẹ́, ó sì tẹ òdo. Àpò mẹ́ta ló kù.

"Ohun tí wọ́n ń bi ọ́ gan-an nìyí," ló wí. "Òjò lo ń bi mí láti àárọ̀."

"Dádì, ẹ pa á rẹ́. Kò ní rí bẹ́ẹ̀, lórúkọ Jésù."

"Kọ̀ǹpútà ò mọ àdúrà." Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú àdá rẹ̀, ó padà sẹ́yìnkùlé, ó ń fi ọwọ́ kejì ti itan bó ṣe ń lọ.

Mofẹ́olúwa jókòó ti pupa náà. Ta ló fẹ́ kọ síbẹ̀? Kọ́láwọlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lókè òkun. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti di ọlọ́kadà, alágbàṣe tí wọ́n ń rí ò ju ti ìgbà ìkórè lọ. Lábẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ìlà kan ṣófo. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó ní kóun kàn wò ó ni.

Ó tẹ ọ̀kan. Pupa. Ó tẹ méjì. Pupa. Ọ̀kadà kan ń gun òkè bọ̀ níta. Ó tẹ mẹ́ta, ó tẹ mẹ́rin, pupa náà ò mira. Ó tẹ márùn-ún.

Ogún àpò. Pupa náà lọ.

Ó wo báàgì rẹ̀ tó ti dì sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà de ìrìn àjò Adó. Ọ̀kadà dúró níwájú ilé, Fẹ́mi ń kígbe ẹ kú ilé. Ó ń dúró kí ẹnu òun sọ ọ́, pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Àdúrà náà ò wá. Ó fi márùn-ún náà sílẹ̀ níwájú orúkọ ara rẹ̀, ó lọ ṣílẹ̀kùn fún Fẹ́mi.