Ìwé Àṣẹ Kì í Ṣe Ogún

Ní ọdún 1956, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n tí ọkọ mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Sàlàkọ́, gbé pákò kan síwájú mi lórí ẹní. Nínú ìdílé Adélàjà, ọkùnrin tó bá fẹ́ ṣú opó, pákò ló máa ń fi lọ̀ ọ́. Bí opó bá mú un, ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò mú un.

"Kò sí ìkánjú," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ilé ìgbẹ̀bí tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ará Ẹ̀pẹ́ fẹ́ dá sílẹ̀, orúkọ mi ni kí ẹ kọ gẹ́gẹ́ bí olóhun. Orí ilẹ̀ ìdílé ni yàrá tí àbúrò mi kọ́ fún un wà."

Òótọ́ ni. Ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ yàrá náà lójú ọ̀nà Ìgbògbò. Apá ibi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń wá ló kọjú fèrèsé rẹ̀ sí, kí ara lè tu ẹni tó bá ń rọbí. Láti ìgbà tí a ti sin ín, n kò tíì lè wọ ibẹ̀.

Ibi tí a dé nìyẹn tí Rọ̀kíbátù fi wọlé. Ó ti wọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́, fọ́ọ̀mù tí a ó fi forúkọ ilé ìgbẹ̀bí wa sílẹ̀ wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọ kan náà la ti kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, ọjọ́ kan náà la gba ìwé àṣẹ.

"Dọ́káàsì, òní ni akọ̀wé ìjọba máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn," ó wí. "Ojú rẹ̀ ni àwa méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i."

"Opó kì í jáde kí ogójì ọjọ́ tó pé," ni Bàbá Sàlàkọ́ wí. "Èmi ni n ó bá ọ lọ. Èmi ni mo jogún àbúrò mi, àti ìyàwó, àti ìwé àṣẹ ìyàwó."

Rọ̀kíbátù kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. "Ẹ kú ogún jíjẹ, Bàbá. Bí ọmọ bá wá fẹsẹ̀ yọ kí orí tó yọ ńkọ́? Ṣé ẹ ó bi í léèrè orúkọ ìdílé rẹ̀ ni?"

"Ìwọ ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí, ẹnu rẹ mú jù!"

"Ọwọ́ mi ló mú, Bàbá. Ẹnu kàn ń tẹ̀ lé e ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo dìde.

"Bàbá, kí àbúrò yín tó fẹ́ mi ni mo ti gba ìwé àṣẹ yẹn. Orúkọ bàbá mi, Fáṣínà, ló wà níbẹ̀. Àbúrò yín ò pè é ní tirẹ̀ rí. Ẹ ò lè jogún ohun tí kò ní."

"Bí o bá jáde nínú ilé yìí lónìí, gbàgbé yàrá yẹn."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ọ̀sán gangan la la àárín Ìkòròdú kọjá, èmi nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Obìnrin kan fi ìborùn bo ojú ọmọ rẹ̀ kó má baà rí mi. N kò dorí kodò.

Ní ọ́fíìsì, akọ̀wé wo ẹ̀yìn wa. "Ọkùnrin wo ló bá yín wá?"

"Ọkọ̀ ojú omi ò tíì gbé e dé," ni Rọ̀kíbátù dáhùn.

Mo kọ orúkọ mi, mo kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ mi. Rọ̀kíbátù kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

"Níbo ni ilé ìgbẹ̀bí náà wà?"

"Ìbèṣè," mo wí. "Ilé ìyá mi, yàrá tí wọ́n ń kó àwọ̀n ẹja sí."

Rọ̀kíbátù yíjú sí mi. "Ṣé Ìyá ti gbọ́?"

"Wọn á gbọ́ nírọ̀lẹ́ òní."

Ó ti ń ká apá bùbá rẹ̀ sókè. "Àwọ̀n yẹn á pọ̀ o. Jẹ́ ká tètè lọ kó wọn kúrò."