Ẹkún Tí Bùkọ́lá Sun fún Ẹnì Kan

“Ìyá àgbà wo ló kú, Pẹ̀lúmi?”

Bùkọ́lá kò tíì jókòó. Ẹnu ọ̀nà sítúdíò náà ló dúró sí, àtẹ̀gùn tó sáré gùn kò tíì jẹ́ kí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó sì na fóònù rẹ̀ sójú ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ju ẹnikẹ́ni lọ láyé.

Olúwapẹ̀lúmi yọ hẹ́dífóònù kúrò létí. “Ìyá àgbà wo? Wọlé ná, olólùfẹ́ mi. Òógùn bò ọ́.”

“Ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò yìí.”

Kò kà á. Ojú rẹ̀ kúrò lára fóònù, ó lọ sára fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó tún lọ sára wáyà tó wà nílẹ̀. Bùkọ́lá wá kà á fúnra rẹ̀. “‘Ohùn ẹkún inú orin yìí jẹ́ ti ìyá àgbà kan láàárín ìgboro Ìbàdàn, tí wọ́n ti dolóògbé. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.’ Pẹ̀lúmi, àwọn èèyàn ń ṣe àmín sí i. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ‘Sun re o, Màmá.’ Èmi ni wọ́n ń kí. Èmi tí mo jẹ mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ yìí.”

Ọjà'ba ló ti gbọ́ ọ. Ó lọ ra irun tí yóò fi dirun fún oníbàárà, ó ń ná an lọ́wọ́, ni ẹ̀rọ ńlá tó wà níwájú ìsọ̀ ẹnì kan tó ń ta fóònù bá ké. Orin Japheth ni, ọmọ Yemetu tí àwọn ará Èkó náà ti ń pariwo orúkọ rẹ̀ báyìí. Ìlù kọ́kọ́ dún, ohùn kan sọ pé, “Pẹ̀lúmi ló lù ú!” Inú Bùkọ́lá dùn, ó rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ta irun fún un bí ìyàwó ẹni ńlá. Lẹ́yìn náà ni ẹkún jáde:

Àṣàbí ìyá mi, ilẹ̀ mọ́, mò ń relé ọkọ,
Ta ni yóò bá mi wé gèlè mi tí kò ní wọ́?

Ohùn rẹ̀ ni. Bó ṣe ya lórí “Àṣàbí” lọ́jọ́ náà gan-an ló ṣe ya. Irun tó ń ná bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó wá fídíò náà rí lórí fóònù, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn ló ń yanu, ohùn Bùkọ́lá ló ń jáde.

Nílé tiwọn ní Bẹyẹrúnká, ọmọbìnrin kì í lọ sílé ọkọ láìsun ẹkún ìyàwó. Ìyá tó bí bàbá rẹ̀, Màmá Ọ̀jẹ̀wálé, ló kọ́ ọ ní tirẹ̀ látìgbà tí Àṣàbí ìyá rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n wòlíì ni ìyá Pẹ̀lúmi nínú ìjọ aláṣọ funfun kan ní Oníyanrìn, ìyẹn sì ti sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò fi ẹkún bẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó ọmọ òun. Orin ìyìn ni wọn yóò kọ. Bùkọ́lá gbà. Ìfẹ́ ló mú un gbà. Àmọ́ ó dùn ún dénú egungun, Pẹ̀lúmi sì rí i lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ inú sítúdíò yìí. Ibí yìí kan náà ló ti kọ́kọ́ gbé hẹ́dífóònù lé e létí lọ́dún tó kọjá, tó jẹ́ kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. “Ìwọ nìyẹn,” ló sọ fún un nígbà náà, bí ẹni ń fi èèyàn pàtàkì kan hàn án.

“Sun ún fún mi níbí,” ló wí lọ́jọ́ òjò náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. “Èmi nìkan ni màá gbọ́ ọ. Tá a bá dàgbà, tí eyín wa bá ti ká, a ó jọ máa gbọ́ ọ.”

Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn, tí ọkàn rẹ̀ kò ní yọ́? Ó wọ inú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó pa ojú dé, ó sì sun ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó jáde, omi wà lójú Pẹ̀lúmi. Oṣù mẹ́rin rèé tí Bùkọ́lá ti ń rántí omi ojú yẹn kó tó sùn, tí ara rẹ̀ á sì balẹ̀.

“O ní ìwọ nìkan lo máa gbọ́ ọ,” ó wí nísinsìnyí.

“Jókòó kí n ṣàlàyé.”

“Mò ń gbọ́ lórí ìdúró.”

Pẹ̀lúmi mí kanlẹ̀. “Japheth wá gba orin sílẹ̀ níbí. Mò ń wá nǹkan mìíràn, mo ṣèèṣì tẹ tìẹ. Àyà mi já, mo fẹ́ pa á, ló bá di ọwọ́ mi mú. Bùkọ́lá, ọkùnrin yẹn ń gbọ̀n! Ó ní ta ló ni ohùn yìí.”

“Kí lo wá sọ?”

“Ká ní mo sọ pé àfẹ́sọ́nà mi ni ńkọ́? Wọ́n á ní kí n mú ọ wá. Wọ́n á gbé ọ lọ sí Èkó, wọ́n á wọ oríṣiríṣi aṣọ fún ọ, ẹni tó lówó jù mí lọ á rí ọ. O rò pé o tún máa gun àtẹ̀gùn yìí wá bá mi? Ẹ̀rù bà mí. Ìfẹ́ ló fà á.”

“Ìfẹ́ ló pa mí nìyẹn.”

“Má sọ ọ́ báyẹn.”

“Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? O lè sọ pé ọmọ ìyá ẹ ni. O lè sọ pé o ò mọ̀ ọ́n rí. Nínú gbogbo irọ́ tó wà láyé, òkú ló wá sí ọ lẹ́nu. Orúkọ tìẹ wà níbẹ̀, Pẹ̀lúmi. Wọ́n ti pariwo ẹ̀ kí n tó yanu. Tèmi dà?”

“Wọ́n máa ń wá ẹni tó bá wà láàyè kó wá fọwọ́ síwèé,” ló wí jẹ́jẹ́. Ó jọ pé ó ti ń kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Òkú ò... wọn kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òkú.”

Bùkọ́lá wò ó. Ojú kan náà ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà tó máa ń jìn tó bá rẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí títì Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Màmá Ọ̀jẹ̀wálé jókòó sórí àga kékeré lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè nígbà tí Bùkọ́lá wọlé.

“Àwẹ̀ró,” ó fi oríkì rẹ̀ pè é, “ta lo fẹ́ lónìí tí n ò gbọ́?”

Ẹsẹ̀ Bùkọ́lá dúró. “Màmá, ẹ ti gbọ́ ọ?”

“Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan kọjá, mo gbọ́ ọmọ mi nínú ẹ̀ tó ń sunkún relé ọkọ. Mo dìde. Mò ń wá gèlè kí n lè wá sìn ọ́. Kẹ̀kẹ́ ti yà sọ́nà Màpó kí n tó rántí pé n ò tíì gba ìdána lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Bùkọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀wà náà, ó sì ro gbogbo ẹjọ́ rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ìyá náà ń ṣa ẹ̀wà lọ, ó ń ju èyí tí kòkòrò ti jẹ sílẹ̀.

“Nígbà tí mò ń kọ́ ọ,” ló wí nígbà tó yá, “kí ni mo ní kó o máa ṣe?”

“Ẹ ní kí n máa ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ lásán, kí n má fi ohùn sí i.”

“Nítorí kí ni?”

“Pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń fi ohùn sí i nílé wa. Lọ́jọ́ náà gan-an.”

“Lọ́jọ́ náà, ta ló yẹ kó wà lẹ́yìn ẹ?”

“Ẹ̀yin ni, Mà. Ẹ̀yin àtàwọn ìyàwó ilé.”

“Ta ló wà lẹ́yìn ẹ lọ́jọ́ tó o sun ún fún un?”

Kò sẹ́nì kan lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àfi fóòmù ara ògiri.

“N ò ní ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ,” ni Màmá wí. “N ò sì ní sọ pé kó o má fẹ́ ẹ. Ojú ẹ ló rí i, ọkàn ẹ ló fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹkún ti jáde lẹ́nu ẹ, ọkọ nìkan ni n ò rí. Wọ́n ń fi orúkọ Àṣàbí mu ọtí. Àṣàbí tó jẹ́ pé tó bá gbọ́ òórùn ẹmu, á bì.” Ó ti àwo ẹ̀wà náà sí i. “Lọ fọ ọwọ́ ẹ kó o wá bá mi ṣà á.”

Ní Ọjọ́bọ̀, Pẹ̀lúmi wá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ojú ọ̀run tí Bùkọ́lá rà fún un lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ káàsán, Mà.”

“Káàsán, ọmọ mi. Oòrùn mú. Bùkọ́lá, bu omi fún un.” Màmá dìde, ó wọ yàrá, kò sì jáde mọ́.

Pẹ̀lúmi mu omi náà tán kó tó sọ̀rọ̀. “Mo ti bá Japheth sọ̀rọ̀.”

Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ọkàn Bùkọ́lá sáré lọ pàdé ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lókèèrè. “O ti sọ fún un pé èmi ni?”

“Ó ku díẹ̀. Gbọ́ ná. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, láago mẹ́rin, ó fẹ́ kọrin ní gbọ̀ngàn Màpó. Ó fẹ́ kí èèyàn sun ẹkún náà níbẹ̀ gan-an, kó má jẹ́ ẹ̀rọ. Mo wá sọ fún un pé mo mọ ẹnì kan tó lè ṣe ohùn ìyá tó kú yẹn dáadáa.”

“Tó lè ṣe ohùn ìyá tó kú yẹn.”

“Ìwọ nìyẹn. Blessing, ọmọ inú fídíò, ló máa dúró níwájú. Ìwọ máa wà lẹ́yìn kọ́tìnnì pẹ̀lú máíkì tìẹ. Tí Japheth bá ti rí bó o ṣe mọ̀ ọ́n tó, màá wá fọgbọ́n sọ òótọ́ fún un díẹ̀díẹ̀. Kí ọjọ́ ìgbéyàwó wa tó pé, gbogbo ẹ̀ á ti yanjú. Àbí o ò fọkàn tán mi mọ́?”

Bùkọ́lá ń wo kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì náà. Òun fúnra rẹ̀ ló rán bọ́tìnnì òkè rẹ̀ nígbà tó já.

“Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan,” ó wí. “Lọ́jọ́ òjò yẹn, mo rí omi lójú ẹ. Kí lò ń sunkún sí?”

Ó rò ó wò. Òótọ́ ló sì sọ, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀. “Ó dùn, Bùkọ́lá. Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì gba ohùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí.”

“Mo rò pé èmi lò ń sunkún sí.”

“Ìwọ náà ni.”

“Lọ sọ fún Japheth pé ìyá yẹn ti kú lóòótọ́. Ẹ ò lè rí i mú wá sí Màpó.” Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. “Kó o sì bá mi kí màmá yín. Bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má wá tọrọ mi ní Sátidé tó ń bọ̀ yẹn. Kí wọ́n má wulẹ̀ dá ara wọn láàmú.”

“Nítorí orin? Bùkọ́lá, nítorí orin lásán?”

Bùkọ́lá lọ sẹ́yìnkùlé, ó fọ ife náà, ó tún un fọ̀, omijé rẹ̀ ń kán sínú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ohùn kankan jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, Bùkọ́lá wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun ní Bẹẹrẹ. Hikmat ló ń dirun fún, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ padà sílé ìwé lọ́jọ́ kejì. Aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀. Ariwo èrò ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Màpó wá bá wọn. Látàárọ̀ ni nǹkan kan nínú ọkàn Bùkọ́lá ti ń sọ fún un pé wọn ò ní lè ṣe é láìsí òun. Pé Japheth á dá orin dúró, á béèrè, á rán ẹnì kan wá sí Bẹẹrẹ. Ó tilẹ̀ ti fi ọwọ́ tún ojú ara rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì nínú jígí.

Ìlù dún. “Pẹ̀lúmi ló lù ú!” Ẹkún náà sì bẹ̀rẹ̀, ó mọ́ kedere, ibi tó máa ń ya ló ti ya. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi sí i. Àìwá rẹ̀ kò dí wọn lọ́wọ́ rárá. Gbogbo gbọ̀ngàn gbè é lẹ́ẹ̀kan náà: Àṣàbí ìyá mi!

“Àǹtí, ẹ gbọ́ o,” ni Hikmat wí. “Orin yìí máa ń pa mí lẹ́kún. Wọ́n ní ọjọ́ kejì tí wọ́n gba ohùn ìyá yẹn sílẹ̀ ni ìyá náà kú.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tí ò mọ̀.”

“Kò kú. Èmi ni.”

Hikmat bú sẹ́rìn-ín. “Àǹtí Bùkọ́lá! Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ sun díẹ̀ níbẹ̀ ká gbọ́.” Ó yí padà pátápátá lórí àga, ó gbójú sókè, ẹ̀rín kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó ń dúró.

Ọ̀fun Bùkọ́lá ṣí. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹsẹ kan péré, ẹ̀rín ọmọ yìí á pòórá. Lọ́la, gbogbo iléèwé rẹ̀ á ti gbọ́. Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí Màmá, kò sí ìyàwó ilé kankan. Ògiri ló wà níbẹ̀, àti ìṣó tí wọ́n fi aṣọ ìnura kọ́.

“Kọjú síwájú,” ló wí. Ó mú ìyarun, ó fi eyín dì í mú gírígírí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì la irun ọmọ náà sí méjì.