Kò Sí Ogun ní Orílẹ̀-èdè Yìí

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni, Ìyá Ìbejì," ni ọ̀gá ìròyìn wí, ó sì tún fi bírò pupa rẹ̀ fa ìlà sórí bébà náà. "Láti òní lọ, a ò gbọdọ̀ pè é ní ogun mọ́. Ẹ máa pè é ní rògbòdìyàn kékeré lẹ́nu ibodè."

Ìyá Ìbejì gba bébà náà, ó wò ó. Gbogbo ibi tí ogun ti jẹ yọ nínú ìròyìn ọ̀sán náà ni bírò ti fà lé lórí, bébà wá rí bí ẹ̀yìn ọmọ tí wọ́n fi pàṣán nà. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ gbólóhùn tuntun kan sí gàdàgbà: Kò sí ogun ní orílẹ̀-èdè yìí. Kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní àṣẹ ti wá láti òkè pé kí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn, kí wọ́n sì máa fi parí rẹ̀.

"Òkè wo?" ni ìyá náà bi í.

Ọ̀gá ìròyìn gbójú sókè sí àwòrán Olórí Orílẹ̀-èdè tó wà lára ògiri. Ó ti pẹ́ tí ará ìlú ti fojú kan Olórí yìí gbẹ̀yìn. Látìgbà tí ìbọn ti ń dún ní ẹnu ibodè, àwòrán rẹ̀ nìkan ló ń jáde, ìyẹn ni àwọn èèyàn ṣe ń pè é ní Bàbá Aláwòrán tí wọ́n bá ti wò yíká pé kò sí elétí ọfẹ nítòsí. Bí àwọn méjèèjì ṣe dúró síbẹ̀, lọ́rì àwọn ológun ń kọjá lójú títì, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì, gbogbo gíláàsì fèrèsé sì ń gbọ̀n. Wọ́n ní láti dúró kó kọjá tán kí wọ́n tó lè gbọ́ ara wọn.

"Ẹ ṣáà kà á bẹ́ẹ̀, mà," ni ọ̀gá wí.

Ọ̀gá ló jẹ́ fún un lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ló jẹ́ fún un lọ́jọ́ orí. Ṣe ni àwọn méjèèjì máa ń ṣe ẹ̀yin-ẹ̀yin síra wọn, bí àlejò méjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà tí kálukú ní kí èkejì kọ́kọ́ wọlé. Ìyá Ìbejì ti ń ka ìròyìn lórí rédíò kí wọ́n tó já ọ̀gá yìí lẹ́nu ọmú. Ó wọlé, ó jókòó, iná pupa tàn, ó sì kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ já gaara, kò gbọ̀n, kò sì ha. Ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú bó ṣe ń jáde.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ ogun kọ́ ló gbà á lọ́kàn jù. Ọ̀rọ̀ oògùn ni. Bàbá Ìbejì, ọkọ rẹ̀, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù, ní ìtọ̀ ṣúgà, òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́. Oògùn tó kù nínú ìgò ò lè dé ìparí ọ̀sẹ̀. Àwọn ìbejì tí ì bá wá a wá ti gbéyàwó, wọ́n wà lódìkejì ibodè, ọ̀nà sì ti dí láti ìgbà tí rògbòdìyàn kékeré ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù wọn gan-an ò lọ mọ́. Ó ku ìyá nìkan.

Bó ṣe kúrò níbi iṣẹ́, ó gba ojú títì lọ wá a. Ìlà epo bẹntiróò ti gùn kọjá ìkòríta, àwọn kan ti gbé àga wá láti ilé, àwọn mìíràn sùn sínú ọkọ̀ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìbejì ti kàwé ti di ibùdó sójà, aṣọ wọn ni wọ́n sá sórí ọgbà. Ilé oògùn tó kọ́kọ́ dé wà ní títì. Ní èkejì, apòògùn náà jókòó síwájú pẹpẹ tó ṣófo, kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi dá a lóhùn.

Ó ní àwọn ológun ti kó o. Wọ́n gbé lọ́rì wá, wọ́n kó abẹ́rẹ́, wọ́n kó báńdéèjì, wọ́n kó oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọ̀gá wọn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní Olórí ń kí i. Ìyá Ìbejì bi í bóyá kò fi díẹ̀ pa mọ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́. Apòògùn ní tó bá jẹ́ pé òun fi pa mọ́ ni, òun ì bá ti fún ìyá tó bí òun.

"Ohùn yìí," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ̀ ń ka ìròyìn?"

Arúgbó kan ni, ó fún báàgì ọ̀rá mọ́ igbáàyà. Kí Ìyá Ìbejì tó ronú, ó ti ní òun ni. Gbogbo àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yíjú sí i. Arúgbó náà ò gbóhùn sókè, kò sì bú u. Bí ẹni ń béèrè ọ̀nà ló ṣe sọ ọ́.

"Ẹnu iṣẹ́ bíríkìlà ni wọ́n ti wá mú ọmọ mi, sìmẹ́ǹtì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá ní kò sí ogun. Ẹ jọ̀ọ́, mà, níbo ni wọ́n wá gbé e lọ?"

Ẹni tó ti fi ọ̀rọ̀ sísọ jẹun látìgbà èwe rẹ̀ ní kí wọ́n má bínú, ó sì jáde, ojú sì ń tì í débi pé ó kọjá ọ̀nà ilé kó tó mọ̀.

Nígbà tó délé, Bàbá Ìbejì wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú sórí àpótí, rédíò rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó rí i pé kò mú nǹkan kan bọ̀. Ìyá Ìbejì bọ́ bàtà, ó tún un wọ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó yí ẹ̀rọ omi, atẹ́gùn ló jáde. Ó padà sí pálọ̀, kò lè jókòó, ṣe ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àga àti ilẹ̀kùn, gbogbo ohun tí kò lè sọ ní ṣọ́ọ̀bù sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Irú olórí wo ló ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá? Kò sí epo fún ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn, àmọ́ epo wà fún ọkọ̀ tó ń gbé àwòrán káàkiri. Kò sí iná nílé ẹnikẹ́ni, àmọ́ àwòrán tó wà níkòríta ń tàn mọ́jú. Wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú ìjà, wọ́n ò sì jẹ́ kí ìyá wọn mọ ohun tí wọ́n máa pe ìjà náà.

Bàbá Ìbejì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Mo gbọ́ ìròyìn ọ̀sán," ló wí.

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"O kà á dáadáa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà ọ́ gbọ́."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ó dá ọkọ rẹ̀ lóhùn pé iṣẹ́ yìí làwọn fi ń jẹun, pé owó ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ ti dáwọ́ dúró, pé ta ló máa bọ́ wọn tí wọ́n bá lé òun. Bàbá ní òótọ́ ni.

"Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì," ló wí, "a ò ní torí pé a fẹ́ jẹran ká wá máa pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá." Ó bú sẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹ̀rín náà sì di èémí, ó sì pẹ́ kí èémí náà tó lọ sílẹ̀. Ìyá Ìbejì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí tí àkókò ìròyìn ìrọ̀lẹ́ fi kù sí dẹ̀dẹ̀.

Lójú ọ̀nà, oògùn ló ń rò. Bó ṣe jókòó síwájú gbohùngbohùn, oògùn ló ń rò. Iná pupa tàn, ó sì ṣí ẹnu.

"Kò sí oògùn ní orílẹ̀-èdè yìí. Kí oníkálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ."

Kò mọ ohun tó sọ. Ìgbà tó rí ọ̀gá tó fò dìde lódìkejì gíláàsì ló tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà. Ogun àti oògùn ò kúkú jìnnà síra wọn lẹ́nu, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá sí nílé lè ṣì wọ́n mú. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ yára fi orin sí i, ọ̀gá sì já wọlé, fóònù ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin mà, kí lẹ fẹ́ sọ wá dà?"

"Ahọ́n ló yọ̀," ni Ìyá Ìbejì wí, òótọ́ ló sì sọ.

Ọ̀gá ní àwọn ará òkè ti ń pè, kó tún un ṣe kí orin tó tán, kó ní àṣìṣe ni. Ìyá Ìbejì ṣì tẹjú mọ́ bébà iwájú rẹ̀. Ọ̀gá rò pé ṣe ló ń kọ̀, ó bá jókòó tì í, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ara Bàbá ò yá. Ẹ tún èyí ṣe fún mi, lọ́la mo máa mú abẹ́rẹ́ wá fún yín. Ó pọ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ológun lẹ́bàá pápá eré. Ibẹ̀ ni ìyá tèmi náà ti ń gba tiẹ̀."

"Ó pọ̀?"

"Ó kún yàrá dókè, mà. Ìdílé àwọn ẹni ńlá ni wọ́n ń fún. Ẹ máà jẹ́ kẹ́nì kankan gbọ́."

Ká má purọ́, ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó rí ìgò oògùn náà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti wú. Lẹ́yìn náà ló rí pẹpẹ òfìfo, àti arúgbó tó ń bi í léèrè bí ẹni ń béèrè ọ̀nà. Ó ti ń rìn kiri láti ọ̀sán, tí ìdí rẹ̀ ò gba àga kankan, ohun tó ń wá sì wà lẹ́bàá pápá eré tó ń kọjá lójoojúmọ́. Inú bí i débi pé ara rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ẹ ní kí wọ́n tan iná," ló wí. "Màá tún un ṣe."

Ọ̀gá dúpẹ́ títí ó fi jáde. Orin lọ sílẹ̀, iná pupa tàn.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àṣìṣe kan wáyé nínú ìròyìn wa lẹ́ẹ̀kan. A sọ pé kò sí oògùn ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn wà. Ó kún yàrá dókè ní ilé ìwòsàn àwọn ológun lẹ́bàá pápá eré. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì ti sí ogun, àwọn ológun ò lè nílò gbogbo rẹ̀. Kí ẹni tó bá ní aláìsàn nílé lọ béèrè. Ẹ forí jì wá."

Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ti gbé ọwọ́ sórí bọ́tìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí ló tó tẹ orin.

Ìyá Ìbejì mú báàgì rẹ̀. Ọ̀gá dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó.

"Ẹ ti pa mí, mà."

"Mi ò dárúkọ yín. Ẹ sọ fún wọn pé ahọ́n ìyá àgbà ló yọ̀."

Ọ̀gá yà fún un.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Àwọn èèyàn ti ń jáde nílé, wọn ò pariwo, wọn ò sáré, gbogbo wọn kọjú sọ́nà pápá eré. Apòògùn ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Arúgbó ọ̀sán náà wà láàárín wọn pẹ̀lú báàgì ọ̀rá rẹ̀, kò rí Ìyá Ìbejì bó ṣe ń yára gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bàbá Ìbejì ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti dé fìlà, ó ti mú ọ̀pá, ó sì ti ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bàtà, tọ̀tún lósì, tòsì lọ́tùn-ún.

"Mo gbọ́ ìròyìn," ló wí.

"Wọ́n máa wá mi wá síbí."

"Wọ́n á bá ilẹ̀kùn ní títì. Fún mi lápá, ká bá àwọn yòókù lọ béèrè."

Ìyá Ìbejì bẹ̀rẹ̀, ó tún bàtà rẹ̀ wọ̀ fún un, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fún un lápá.