Ọkọ̀ Kẹta

"Ta ló bu kọnkéré tí a fi ṣe àyẹ̀wò yìí?"

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"Inú ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ kẹta."

Ọkọ̀ kẹta. Bí mo ṣe dá Ọ̀gá Renzo lóhùn nìyẹn, ní Faransé, lójú àwọn mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ rán wá láti Ítálì. Ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n. Ó ti pé oṣù kan, mo ṣì ń gbọ́ ọ...

Ọ̀gá Renzo ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní ọ́fíìsì òdìkejì. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà lábò, yàrá tí mo ti ń dán kọnkéré wò. Ó ń fi aṣọ nu akoto rẹ̀ bíi pé yóò dé e lọ́la. Ọmọ bíríkìlà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló wà tó ti ń ru yanrìn fún bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ títì n'Ìbàdàn; ibẹ̀ ló ti gbọ́ Yorùbá. Lẹ́yìn náà, Kútọnu. Lẹ́yìn náà, Lomé, ọ̀gá pátápátá. Ọgbọ̀n ọdún. Èmi wá fi wákàtí kan péré—

Lọ́jọ́ tí a da dẹ́kì ilé tí à ń kọ́, aṣọ ni mo lọ rà lọ́jà Adawlato. Aṣọ. Kí n tó padà dé ibi iṣẹ́ wa ní Adakpamé, wọ́n ti da kọnkéré ọkọ̀ kẹta sórí dẹ́kì tán, Gildas awakọ̀ sì ti lọ. Edwige akọ̀wé ní Ọ̀gá ti béèrè mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bu kọnkéré nínú ọkọ̀ kẹrin, mo kọ "kẹta" sí i lára. Ṣebí kọnkéré kan náà ni... Rárá. Oòrùn ti mú ọkọ̀ kẹta lójú ọ̀nà, Gildas sì ti bomi sí i kó lè rọ̀; kọnkéré tó bá mu omi jù kì í le. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti dá a padà. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Iṣẹ́ mi ò ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ tí à ń dán agbára kọnkéré wò, ẹ̀rọ tẹ èyí tí mo bù, ó le koko. Ọ̀gá buwọ́ lùwé, kò kà á. "Yẹmí ló ṣe é," ló wí. Kò pẹ́, dẹ́kì sán. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ló buwọ́ lùwé? Òun ni wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Aṣọ yẹn ṣì wà nínú ọ̀rá lábẹ́ tábìlì mi. Mi ò tíì lè gbé e fún télọ̀.

Màá sọ fún un. Edwige ń sunkún, ó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Merci, patron, bon voyage: ẹ ṣé, Ọ̀gá, ẹ rìn re. Bó bá dé ọ̀dọ̀ mi, màá sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ bọ́. Bí mi ò bá sì sọ ọ́...

Ó ti dé. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Merci, patron" ni mo wí. Ó ń wo ojú mi, kò bínú. Àárọ̀ ọjọ́ tí a da dẹ́kì, ó béèrè mi — ó mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀. Nígbà tó ń bi mí ní "inú ọkọ̀ wo," ó ti mọ̀. Ó gbọ́ irọ́ mi, kò tú àṣírí mi, ó gbé ẹ̀bi lé orí ara rẹ̀.

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó kọjá lára mi. Yorùbá ló fi sọ ọ́, èdè tí ẹlòmíì ò gbọ́ nínú ilé yìí:

"Lọ́jọ́ míì, Yẹmí, kí o dúró de ọkọ̀ kẹta."