Poro Láàárín Ipa Pákó Méjì

Ìgbà kẹtàdínlógún tí Gyrid Nordbø ṣubú lọ́jọ́ náà, ẹnu ló fi gba ilẹ̀. Yìnyín wọ ẹnu rẹ̀, ó wọ ọrùn rẹ̀, ó sì yọ́ sínú ẹ̀wù onírun àgùntàn tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ̀wù náà ń rùn bí ajá tí òjò pa. Ó dìde, ó tutọ́, ó sì wo pákó gígùn méjì tó so mọ́ bàtà rẹ̀ láti fi máa yọ̀ lórí yìnyín bí ẹni ń wo aṣọ tí ọmọ ẹlòmíràn yàgbẹ́ sí.

"Ìdí rẹ ló ń fà ọ́ sẹ́yìn," ni Ọ́ńkù Gregar wí láti ìsàlẹ̀. "Ìdí kan ṣoṣo ló wà lára rẹ, síbẹ̀ o ò mọ ibi tó wà."

Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Gregar, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Aáṣáà kì í kúrò lábẹ́ ètè òkè rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, omi rẹ̀ a sì máa ṣàn gba irùngbọ̀n lọ sí ọrùn. Nígbàkígbà tí Gyrid bá ṣubú, yóò tutọ́. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, ibi tó dúró sí yóò ti dà bí ibi tí adìẹ tó ń ṣu omi sùn mọ́jú. Lọ́sàn-án, yóò jókòó lórí kùkùté, yóò fi ìka méjì mú ẹja tó ti kẹ̀ nínú iyọ̀ láti ìgbà ìwọ́wé, yóò fi lé búrẹ́dì pẹlẹbẹ, yóò jẹ ẹ́, yóò nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, yóò wá sún ojú rẹ̀ mọ́ ojú Gyrid láti ṣàlàyé.

Iṣẹ́ Gyrid ni láti máa yẹ ibi tí wọ́n ti ń fún wàrà màlúù wò káàkiri ìjọba ìbílẹ̀, kó sì ti èyí tó bá dọ̀tí pa. Ká ní ilé ìfúnwàrà ni Gregar, Gyrid kì bá tíì kọ ìròyìn rẹ̀ dé ojú ìwé kejì kó tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó lè kọ́ ọ, ọjọ́ sì ti ń lọ.

Ní Skorvedal, abúlé kan lókè agbègbè Telemark, ilé mẹ́jọ ló ní àyè nínú àwọn Mẹ́jọ. Ní ọjọ́ Sátidé Àjíǹde, ẹnì kan láti ilé kọ̀ọ̀kan yóò wọ ẹ̀wù àtijọ́, yóò de pákó onígi mọ́ ẹsẹ̀, yóò mú ọ̀pá kan ṣoṣo dání, wọn yóò sì tẹ̀lé ara wọn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Bratten dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá kú, ará ilé rẹ̀ ni yóò rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó yege kí Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀ Ọ̀pẹ tó dé, àyè náà bọ́ nìyẹn, ilé tó ń dúró lẹ́yìn ni yóò gbà á, kò sì ní padà mọ́. Aslaug, ìyá Gyrid, ló wà nípò Nordbø fún ọdún márùndínlógójì. Oṣù kẹwàá ló kú. Gyrid nìkan ló bí.

Ilé tó ń dúró lẹ́yìn ni ilé Haukås. Sveinung, baálé wọn, kì í jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá kó má wá sí ìsàlẹ̀ òkè náà.

"Gyrid," ló sọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, "mo gbọ́ pé kò sí yìnyín kan lórí òkè yìí tí o ò tíì fẹnu kò lẹ́nu."

"Ó ṣì mọ́ ju ẹnu tìrẹ lọ."

"Mo ti lọ ra ṣòkòtò onírun, kó má baà di kánjúkánjú."

"Tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ dáadáa," ni Gyrid fèsì, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ kò ju ìkúnlẹ̀ lọ. Gìgísẹ̀ kò so mọ́ pákó yìí, iwájú bàtà nìkan ló so mọ́ ọn. Bí èèyàn bá fẹ́ ṣẹ́ kọ́nà, yóò ti ẹsẹ̀ kan síwájú, yóò fa èkejì sẹ́yìn, orúnkún ẹ̀yìn yóò sì lọ sílẹ̀ bíi ti ọmọbìnrin tó ń kí àgbà ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí aṣọ òun kan ilẹ̀. Bó bá fẹ́ yà sí òdìkejì, yóò pààrọ̀ ẹsẹ̀. Kò sí ohun tó le níbẹ̀ létí. Lójú òkè ló ti le. Ẹsẹ̀ iwájú ni Gyrid máa ń gbé gbogbo ara lé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò wá máa wọ́ tẹ̀lé e bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Bí ẹ̀rù bá sì bà á, yóò jókòó sẹ́yìn, pákó yóò sá lọ, òun yóò kù.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í ṣe àlejò," ni Gregar ń wí. "Jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìdajì ara rẹ, òun ni kó gbé e. Fi ọmọ ìka tó kéré jù tẹ pákó mọ́lẹ̀. Má wo ẹnu pákó, kò sóhun tó fẹ́ sọ fún ọ. Ibi tí ò ń lọ ni kó o wò."

Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá a padà fún un ní ìbú. "Fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú báyìí, bí àwo oúnjẹ. Kó máa kọjú sí ìsàlẹ̀ òkè nígbà gbogbo. Bí ọbẹ̀ bá dà, èjìká rẹ ló yí. Má sì dìde nàró láàárín kọ́nà méjì. Jẹ́ kí ọ̀kan bí èkejì."

Ó dun Gyrid pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó ń rí i lára pé ẹnu tó rí bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó mọ òótọ́. Ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yóò ti lọ, yóò máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú títí òógùn yóò fi bò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jí. Ó tẹ ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀, pákó méjèèjì yí pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n, ó pààrọ̀ ẹsẹ̀ láìdìde, wọ́n tún yí. Kọ́nà mẹ́rin ló ṣẹ́ kó tó ṣubú.

"Fún màlúù, kò burú," ni Gregar wí, ó sì tutọ́.

Ohun kan wà tí wọn kì í ṣe ní Skorvedal. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà lè fi ọ̀pá sáàárín itan, kó jókòó lé e bí ẹni gun ẹṣin, kí ọ̀pá máa wa ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó sì dín eré rẹ̀ kù. Ọ̀pá á ya poro sáàárín ipa pákó méjì. Àwọn ará ibòmíràn ń ṣe é. Ní Skorvedal, agunpá ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, orúkọ náà kì í sì kú kí ẹni náà tó kú. Aslaug fi bú bàbá àgbà Sveinung nídìí oúnjẹ fún ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n sin ín.

Ìdí nìyí tí wọn kì í fi wo ẹni tí wọ́n ń dán wò. Yóò gòkè pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ kan, àwọn àgbà yóò dúró nídìí iná nísàlẹ̀, wọn yóò kọ ẹ̀yìn sí òkè. Bó bá sọ̀kalẹ̀ tán, wọn yóò mu kọfí wọn tán, wọn yóò wá gòkè lọ ka ipa rẹ̀. Wọ́n ní ojú a máa ṣe ojúsàájú, ṣùgbọ́n yìnyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé ìdánwò náà, ọjọ́ kan ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀ Ọ̀pẹ, kùrukùru bo Bratten. Gregar bá a gòkè, ó sì yà gba ẹ̀gbẹ́ igi láti rìn sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú pákó tirẹ̀ léjìká, bí òfin ti wí. Gyrid gbéra. Kọ́nà márùn-ún àkọ́kọ́ jáde bí ó ti yẹ, orúnkún wálẹ̀, ọwọ́ wà níwájú. Nígbà tó dé ìbàdí òkè náà, níbi tó ti da sílẹ̀ bí ògiri kànga, yìnyín ti le bí àwo. Pákó rẹ̀ ké. Kò rí ìsàlẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọ̀pá ti wà láàárín itan rẹ̀, ó sì ti jókòó lé e. Ó gbọ́ bó ṣe ń họ ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, grrrr, bí eku tó ń jẹ àpótí. Ibi tó gùn tó yàrá méjì ló gun ọ̀pá náà dé kó tó fà á yọ. Ó ṣẹ́ kọ́nà mẹ́ta sí i, kò sí àbàwọ́n kankan lára wọn, ó sì dé ilẹ̀.

"O ti dé?" ni Àǹtí Anlaug béèrè láìyíjú. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni, òun ló sì ṣáájú àwọn àgbà mẹ́ta náà.

"Mo ti dé."

"Jẹ́ ká mu kọfí tán."

Gyrid yíjú sókè. Kùrukùru ti ń gbéra. Ní ìbàdí òkè, ó rí Gregar tó gbé pákó ní ìbú, tó ń fi etí rẹ̀ họ yìnyín lọ họ ọ́ bọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ilẹ̀ ibojì. Lẹ́yìn náà ló padà sáàárín igi. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sún mọ́ etí rẹ̀, èémí ẹja yẹn bò ó.

"Mo ti tún un ṣe. Wọ́n á rò pé yìnyín ló ya lulẹ̀."

"Ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Ta ló rán mi lọ́jọ́ ti ìyá rẹ? Ibẹ̀ gan-an ni Aslaug náà ti gun ọ̀pá. Èmi ni mo nù ún." Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. "Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ọmọ mi."

Gyrid sún sẹ́yìn kúrò lára rẹ̀. Ó rántí àwọn tí wọ́n máa ń kun ògiri ilé ìfúnwàrà ní ẹfun láàárọ̀ ọjọ́ tó bá ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ògiri á funfun, òórùn á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó rántí ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ, pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, tó ń pe òkú olókùú ní agunpá. Ẹlẹ́dẹ̀ yí nínú ẹrẹ̀ tán, ó ń wá ẹni rere tí yóò fi ara yí. Ọkùnrin yìí sì ti fi ara yí i, kò tilẹ̀ béèrè. Bó bá dákẹ́, Nordbø ló ni àyè náà. Gbogbo ohun tó kù kò ju kó dákẹ́ lọ.

Àwọn àgbà gbé ife sílẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ gòkè, Àǹtí Anlaug," ló wí. "Mo gun ọ̀pá."

Sveinung, tó dúró lẹ́yìn iná, gbójú sókè.

"Kò mọ ohun tó ń sọ," ni Gregar wí. "Òtútù ló mú un."

"Níbo?" ni Anlaug béèrè.

"Ní ìbàdí òkè. Ó tó yàrá méjì."

"Ṣé a máa rí i bí a bá débẹ̀?"

"Rárá. Wọ́n ti nù ún."

Anlaug wo Gregar títí. "Ìgbà kejì rèé, Gregar. Àgbà ò sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ fúyẹ́ sí i."

Gyrid kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Nígbà tó yé e, ó dà bí ẹni pé wọ́n tún da nǹkan sí i lára. "Ẹ mọ̀?"

"Ẹni tó ń ka ipa kì í ṣe afọ́jú. Ibi tí wọ́n bá ti họ yìnyín, ó hàn ketekete. Aslaug jẹ́ èèyàn wa, ọmọ ọdún mẹ́rin ló fà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, a sì fẹ́ràn rẹ̀. A sọ pé ó dára." Ìyá àgbà náà da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí rẹ̀ sínú iná. "À bá sọ bẹ́ẹ̀ lónìí náà. Ìwọ lo la ẹnu lójú Haukås."

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ ẹ̀yìn sókè."

"A kọ ẹ̀yìn. A ò kọ ojú."

Lẹ́yìn náà Anlaug ní kí Sveinung wá gbìyànjú lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn, àyè Nordbø ti di tiwọn bó bá lè sọ̀kalẹ̀. Sveinung mi orí pé òun gbọ́. Kò dá yẹ̀yẹ́ kankan sílẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní ìbàdí òkè náà, níbi tí kùrukùru ti ká kúrò.

Gyrid gbé pákó lé èjìká, ó sì fi ọ̀pá náà lélẹ̀ síwájú àwọn àgbà, ó ń gòkè lọ. Wákàtí kan gbáko ló gbà á kó tó dé orí rẹ̀. Bó ti ń sọ̀kalẹ̀, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ìbàdí òkè. Nígbà tó débẹ̀, pákó tún ké, ara rẹ̀ sì tún fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè jókòó lé. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ọmọ ìka ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pákó gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó yí. Ó pààrọ̀ ẹsẹ̀, ó tún yí.

Iná ti kú nígbà tó dé ilẹ̀, gbogbo wọn ti lọ. Gregar nìkan ló kù, ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ dè é lẹ́bàá ọ̀nà.

"Wọlé, òtútù á pa ọ́," ló wí. "Èyí tó o ṣe kẹ́yìn yẹn, mo rí i. Ó dára."

Gyrid kọjá lára ọkọ̀ náà bí ẹni kọjá lára ààtàn, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.