Iná Inú Yàrá Eṣinṣin

"Ẹni tó ń jí ọmọ eṣinṣin, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣé yóò fi jẹun ni?"

Olùtọ́jú àgbà ló ń dá sọ̀rọ̀ níwájú àwo tó ṣófo lábẹ́ àgò eṣinṣin. Eṣinṣin tó ń fa àìsàn oorun ló ń sìn nílé ìwádìí kan, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tí wọn yóò fi ṣẹ́gun rẹ̀. Eṣinṣin yìí kì í yé ẹyin. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, tí oòrùn bá sì ti ń rọ̀ ló máa ń bí i. Ìmọ́lẹ̀ ni aago rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ mélòó kan, oòrùn ń rọ̀, ọmọ kò bọ́ sínú àwo, ọ̀gá sì ti ní kó wá olè tó ń kó wọn.

Ọkàn olùtọ́jú àgbà kò kúrò lára obìnrin tuntun tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Òun ló ń kọ́kọ́ dé, òun náà ló ń kẹ́yìn jáde. Ta ló fẹ́ràn iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí," ni obìnrin náà kí i, kò wojú rẹ̀.

"Hùn-ún." Ẹ̀rín ẹnu lásán. Eyín funfun kọ́ ni inú funfun.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wà nípàdé láàárọ̀ nígbà tí obìnrin náà ní inú ń run òun, ó bá jáde. Olùtọ́jú àgbà yọ́ tẹ̀ lé e. Ó bá a nínú yàrá eṣinṣin lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣa ọmọ eṣinṣin sínú ike.

"Ọwọ́ bà ọ́ lónìí!"

"Mi ò jí wọn, Àǹtí! Gbogbo wọn ló wà nínú ike yìí."

Lóòótọ́ ni. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti le, wọ́n dúdú bíi kóró èso.

"Ta ló wá sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bímọ láàárọ̀?"

Obìnrin náà ṣíjú wo ẹ̀yìn pẹpẹ. Ìgbà náà ni àgbà rí ẹní tí wọ́n ká sẹ́yìn pẹpẹ, pẹ̀lú báàgì méjì.

"O ń sùn níbí."

"Ọkọ mi lé mi jáde. Òkùnkùn ibí ń dẹ́rù bà mí, mo bá ń tanná láti ọ̀gànjọ́. Mi ò mọ̀ pé àwọn eṣinṣin á pè é ní òwúrọ̀, tí ìrọ̀lẹ́ wọn á sì bọ́ sí àárọ̀ wa. Nígbà tí ọmọ wá ń bọ́ ṣáájú àsìkò, mo ń kó wọn pamọ́, kí ẹ má baà fura pé mò ń sùn níbí."

Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹ ti mú olè ọ̀hún?"

Olùtọ́jú àgbà sún síwájú, ó fi ara bo ẹní náà. "Kò sólè, sà. Iná ló ń tàn lásìkò tí kò yẹ. Mo ti ń bójú tó o."

Ọ̀gá wò wọ́n títí, ó lọ.

"Àwọn ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ," ni àgbà sọ. "Yàrá wọn ṣófo."

"Àǹtí..."

"Má tíì dúpẹ́. Bó bá jẹ́ irọ́ lo pa fún mi, màá mọ̀."

Kò tíì gbà á gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jọ ń lọ nírọ̀lẹ́, òun ló gbé báàgì tó wúwo jù.